Dídín Kọfí Àárọ̀ Kù ní Òkè-Ògùn

Káfíìnì ni èròjà inú kọfí tó ń lé oorun. Friedlieb Ferdinand Runge, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ lára kóró kọfí ní ọdún 1819. Ọjọ́ pẹ́ kí wọ́n tó bí Runge tí àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń jẹ èròjà yìí láìmọ orúkọ rẹ̀, nítorí ó wà nínú obì. Ó wà nínú ewé tíì, ó wà díẹ̀ nínú kòkó, wọ́n sì ń dà á sínú kóòkì àti àwọn ohun mímu tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ẹ́nájì. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ dídín kọfí kù gba ìrònú ní Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nìyí. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ́nù lè ka ife kọfí àti tíì rẹ̀, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo káfíìnì tó wọ inú rẹ̀ lóòjọ́. Ẹni tó ń gbé Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn tó bá ka ife kọfí nìkan ti fi ohun púpọ̀ sílẹ̀ láìkà.

Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti lajú ní òwúrọ̀ ni èròjà kan tó ń jẹ́ adẹ́nósíìnì ti ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé ó ti rẹ ara. Bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú ń wúwo. Káfíìnì jọ ọ́ débi pé ó lè jókòó sí àyè tó jẹ́ ti adẹ́nósíìnì, bí àlejò tó gba àga onílé. Nígbà tí onílé bá dé, kò ríbi jókòó, ọpọlọ kò sì gbọ́ ohun tó wá sọ. Àárẹ̀ náà kò lọ síbì kan. Ó wà níbẹ̀ títí káfíìnì yóò fi kúrò, ìdí nìyí tí ojú fi ń ṣàdédé kún fún oorun ní ọ̀sán lẹ́yìn kọfí àárọ̀. Ó yẹ kí èyí yé gbogbo ẹni tó ń mu ún kó lè rí agbára ṣiṣẹ́: kò sí okun kankan nínú káfíìnì. Oúnjẹ ló ń fún ara lókun, oorun ló sì ń mú àárẹ̀ kúrò.

Ara àgbàlagbà tó ní ìlera máa ń gba nǹkan bí wákàtí 5 kó tó mú ìdajì káfíìnì tó wọlé kúrò. Ẹni tó mu kọfí ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ṣì ní ìdajì rẹ̀ lára ní agogo 9 alẹ́. Ti aboyún tún yàtọ̀: bí oyún bá ti ń dàgbà, ó lè tó wákàtí 15. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró máa ń mú kó pẹ́ lára, bẹ́ẹ̀ náà ni ciprofloxacin, oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí sípíró. Sìgá mímu ní tirẹ̀ ń mú kó tètè kúrò. Ohun tó fà á nìyí tí ife kan ṣoṣo fi lè lé oorun ẹnì kan lọ títí di ọ̀gànjọ́, nígbà tí ẹlòmíràn yóò mu ife mẹ́ta tí yóò sì sùn fọnfọn.

Òkè-Ògùn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ kọfí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ bàbà, àgbàdo, iṣu, ẹ̀gẹ́, ẹ̀gúsí, kájú àti sóyà, tí igi irú àti igi òrí dúró káàkiri oko rẹ̀. Kọfí tí Nàìjíríà ń gbìn wà ní ibòmíràn: irú robusta ní àwọn ibi bíi agbègbè Kábbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, irú arabica lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Káfíìnì inú robusta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arabica. Èyí tí àwọn ará Òkè-Ògùn ń mu ń wá láti ilé iṣẹ́ ní ìyẹ̀fun, nínú agolo tàbí nínú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1938 ni Nescafé kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Switzerland, ilé iṣẹ́ Nestlé sì bẹ̀rẹ̀ òwò ní Nàìjíríà ní ọdún 1961. Sáṣẹ́ẹ̀tì ló gbé kọfí dé abúlé, nítorí ẹni tí kò lówó agolo lè ra ti òní lónìí.

Kò ṣòro láti mọ àwọn tó ń rà á. Ọkọ̀ tó ń kó iṣu àti èédú láti Ṣakí, Kíṣí àti Ìgbòho lọ sí Ìbàdàn àti Èkó sábà máa ń rin òru, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ lajú. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn, ìlú tí aṣọ òfì sọ di olókìkí, ń jókòó sídìí òfì láti òwúrọ̀, pàápàá nígbà tí ọjọ́ ìnáwó oníbàárà bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì tó wà ní Ṣakí ń mu ún ní òru ìdánwò. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ ń mu ún kí wọ́n tó jáde nílé, ọ̀pọ̀ wọn láìfi nǹkan kan sẹ́nu. Àwọn máíṣáyí náà wà ní ìdíkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ń po kọfí, tíì tàbí Mílò pọ̀ mọ́ mílíìkì àti ṣúgà fún ẹni tó bá yà. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì, òtútù òwúrọ̀ Òkè-Ògùn máa ń gan ènìyàn, ohun gbígbóná ni ara sì ń bèèrè. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rò pé kọfí ni òun ń fẹ́ ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, ooru ló ń wá. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ dín in kù fi èyí sọ́kàn.

Obì ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kà. Méjì ló wọ́pọ̀ jù láàárín Yorùbá: gbànja tó máa ń là sí awẹ́ méjì, àti àbàtà tó lè ní awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igbó ni igi rẹ̀ ti ń dàgbà dáadáa, nítorí náà ńṣe ni àwọn ará ọ̀dàn máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀. Òwò yìí ti pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko obì gbilẹ̀ ní Agége, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e lọ sí Kánò. Àwọn ará ilẹ̀ gbígbẹ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó ń lé oorun, ó ń pa ebi fún ìgbà díẹ̀, mùsùlùmí tí kì í mutí sì lè jẹ ẹ́. Òun náà ni Coca-Cola mú lára orúkọ rẹ̀, nígbà tí John Pemberton po ohun mímu náà ní Atlanta ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1886. Nínú obì tó ti gbẹ, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 jẹ́ káfíìnì, iye kan tó súnmọ́ ti kóró kọfí robusta. Bàbá àgbàlagbà tó ń fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun kò fẹnu kan kọfí rí, àmọ́ tó ń họ obì láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, lè ti jẹ káfíìnì ju ọmọ rẹ̀ tó ń mu ife méjì lọ.

Ibì kejì tó fara pamọ́ sí ni oògùn. Alábùkún, ìyẹ̀fun tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1918, tí kò sì sí ìlú Yorùbá tí wọn kì í tà á, aspirin àti káfíìnì ni wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀. Panadol Extra ní mílígíráàmù 65 káfíìnì nínú hóró kan. Ìdí wà tí wọ́n fi ń fi í sí i: káfíìnì ń ran oògùn ẹ̀fọ́rí lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ohun tó ń wọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ọn.

Ìṣirò rẹ̀ lọ báyìí. Ife kọfí oníyẹ̀fun kan máa ń ní nǹkan bí mílígíráàmù 60 sí 80. Ti tíì jẹ́ bí 40 sí 50. Agolo kóòkì kan ní bí 30 sí 35. Ọ̀pọ̀ ẹ́nájì ní bí 30 nínú 100 mílílítà, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgò onídajì lítà kan lè gbé 150. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù, EFSA, gbé ìwádìí jáde ní ọdún 2015 pé mílígíráàmù 400 lóòjọ́ kò léwu fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, pé kí aboyún má kọjá 200. Awakọ̀ tó mu ìgò ẹ́nájì ńlá kan ní ìdíkọ̀, tó mu ife kọfí méjì lójú ọ̀nà, tó sì lo hóró Panadol Extra méjì nítorí orí ń fọ́ ọ, ti lé ní 400 kí ó tó fi obì kankan sẹ́nu. Kò sì ní ronú kan ara rẹ̀ pé òun mu kọfí púpọ̀. Ife méjì péré ló mu.

Kò tọ́ láti sọ kọfí di májèlé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ohun tí wọ́n fura sí. Ohun tí wọ́n tọ́ka sí lọ́jọ́ náà ni ooru: ohun mímu tí gbígbóná rẹ̀ ju ìwọ̀n 65 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ lè ṣokùnfà jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, ì báà ṣe kọfí, tíì tàbí ẹ̀kọ gbígbóná. Ìwádìí púpọ̀ sì fi hàn pé àwọn tó ń mu kọfí níwọ̀nba kì í sábà ní ìtọ̀ ṣúgà tó àwọn tí kì í mu ún. Ibi tí wàhálà wà ni bí wọ́n ṣe ń mu ún àti ìgbà tí wọ́n ń mu ún.

Oorun ni àkọ́kọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013 rí i pé mílígíráàmù 400 tí ènìyàn lò ní wákàtí 6 ṣáájú àkókò oorun ṣì ń gé oorun rẹ̀ kúrú ju wákàtí kan lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó lò ó lè má mọ̀. Oorun tó kúrú ló ń bí àárẹ̀ ọjọ́ kejì, àárẹ̀ náà ló sì ń ránni sí kọfí mìíràn. Báyìí ló ṣe ń di bárakú. Èkejì ni inú òfìfo. Kọfí máa ń mú kí omi kíkan inú ikùn pọ̀ sí i, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí tí àyà máa ń ta á yóò tètè mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀kẹta kan àwọn obìnrin jù: kọfí àti tíì tí wọ́n mu pẹ̀lú oúnjẹ kì í jẹ́ kí ara rí èròjà irin inú oúnjẹ náà gbà tán, èyí kò sì dára fún aboyún tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Bí ó bá gbọ́dọ̀ mu ún, kí ó jẹ́ kí wákàtí kan kọjá lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tí kì í lo káfíìnì tẹ́lẹ̀ tó bá lò ó lójijì, ìfúnpá rẹ̀ yóò gòkè fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré. Ṣúgà náà wà níbẹ̀. Hóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ife kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, lè ṣe ara ní ibi ju kọfí inú ife náà lọ.

Ẹni tó bá já kọfí lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí ìyà rẹ̀. Láàárín wákàtí 12 sí 24 ni orí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ara yóò wúwo, inú yóò máa bí i, ọkàn rẹ̀ kò ní pa pọ̀ sójú kan. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì ló máa ń le jù, gbogbo rẹ̀ sì máa ń tán láàárín ọjọ́ 2 sí 9. Ìdí rẹ̀ ni pé ọpọlọ ti pèsè àga púpọ̀ sí i fún adẹ́nósíìnì ní gbogbo ìgbà tí káfíìnì ń gba àyè rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ orí tí káfíìnì ti ń sún kì sì fẹ̀ padà lójijì. Ní ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ìṣòro yìí sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ rárá.

Níbí ni Alábùkún ti ń da ìṣirò rú. Ẹnì kan já kọfí ní ọjọ́ Ajé, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ra Alábùkún, orí náà fúyẹ́ kíá. Yóò rò pé àìsàn kan ló ń ṣe òun tẹ́lẹ̀, pé oògùn ló wò ó. Káfíìnì inú oògùn náà ló padà sí àga rẹ̀. Bí ipa rẹ̀ bá tán ní ọjọ́ kejì, orí tún ń fọ́, ó tún ra òmíràn. Ẹni tó ń ṣe báyìí kò tíì já nǹkan kan. Ó kàn fi oògùn dípò ife ni, aspirin tó sì wà nínú rẹ̀ lè dá ọgbẹ́ sí inú ikùn tí kò rí oúnjẹ jẹ. Parasítámọ́ọ̀lù lásán, tí kò ní káfíìnì nínú, sàn fún ẹni tí orí ń fọ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ti ìrọ̀lẹ́ ni kó kọ́kọ́ lọ, nítorí òun ló ń ba oorun jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ti ọ̀sán tẹ̀ lé e. Ti àárọ̀ ni kó kẹ́yìn. Ìyẹ̀fun rẹ̀ lè dín sí ìdajì ṣíbí, kí mílíìkì pọ̀ sí i, títí ife náà yóò fi di ti mílíìkì ju ti kọfí lọ. Ẹni tó ń jẹ obì lè dín awẹ́ rẹ̀ kù bákan náà, kó má sì jẹ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì jẹ́ kí èyí ṣe pàtàkì ní Òkè-Ògùn ju ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ, nítorí mùsùlùmí pọ̀ ní Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ẹ̀fọ́rí ọjọ́ kìíní àti ìkejì ààwẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń dì ru ebi àti òùngbẹ, ti káfíìnì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tó ti ń mu kọfí tàbí tó ń jẹ obì lójoojúmọ́: nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ti lé ní wákàtí 12 tó ti lò ó gbẹ̀yìn. Kò ní lọ́gbọ́n nínú kí ènìyàn máa mu ife ńlá ní sààrì láti fi borí rẹ̀, torí yóò mú un tọ̀ púpọ̀ bí kò bá ti mọ́ ọn lára, yóò sì ba oorun tó kù jẹ́. Inú oṣù Ṣàbáànì, tó ṣáájú Ràmàdáánì, ni ó dára kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Bí oṣù ààwẹ̀ bá fi parí, ara rẹ̀ ti gbàgbé kọfí. Kò sí àkókò mìíràn nínú ọdún tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti má padà sídìí rẹ̀.

Kí ni yóò wá mu? Omi ni àkọ́kọ́. Ènìyàn tó sùn fún wákàtí 7 kò mu omi kankan ní gbogbo àkókò náà, bẹ́ẹ̀ ló ń làágùn tó sì ń mí, pàápàá nínú ooru oṣù Kẹta. Ife omi kan tàbí méjì kí ohunkóhun tó kan ẹnu máa ń mú ojú mọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn omi, ògì ni. Kò sí ohun mímu òwúrọ̀ tó bá Òkè-Ògùn mu tó ògì bàbà. Wọn yóò rẹ ọkà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọn yóò sì jẹ́ kó sinmi kó kan. Kíkan yẹn ni iṣẹ́ àwọn kòkòrò tíntìntín tí wọn kì í pani lára, irú àwọn tó ń sọ mílíìkì di nónò, wọ́n sì ń mú kí ara lè rí èròjà inú ọkà náà gbà dáadáa. Ògì ń móni gbóná nígbà ọyẹ́, ó rọ̀ mọ́ ikùn, káfíìnì kò sì sí nínú rẹ̀ rárá. Ó ní àléébù kan tí kò yẹ kí a fi pamọ́: bí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ, púrótéènì inú rẹ̀ ń bá èérí lọ, èyí tó kù kì í pẹ́ nínú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín tì í. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oṣòdì, FIIRO, náà fi sóyà kún ògì fún ìdí kan náà. Sóyà sì wà lóko Òkè-Ògùn. Ìyá tó bá yan án, tó lọ̀ ọ́ kúnná, lè po ṣíbí kan tàbí méjì mọ́ ògì ọmọ àti ti ara rẹ̀ láìná owó púpọ̀.

Mílíìkì wà nílé. Àwọn Fúlàní darandaran ti wà ní ọ̀dàn yìí láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn obìnrin wọn sì ń kiri nónò, fúrà àti wàrà láti ìlú dé ìlú. Ní agbègbè Ìsẹ́yìn ni FrieslandCampina WAMCO, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Peak, ti ń gba mílíìkì tútù lọ́wọ́ àwọn darandaran, nínú ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010. Fúrà tí wọ́n fi jéró ṣe, tí wọ́n pò mọ́ nónò, jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ tó péye fún ẹni tó ń lọ oko: ọkà wà níbẹ̀, púrótéènì wà níbẹ̀, ẹni tó rà á kò sì ní láti dáná. Wàrà tí wọ́n fi ewé bọ́mubọ́mu mú dì náà dára, nítorí wọ́n ti sè é. Mílíìkì tútù tí kò rí iná ni kí ènìyàn ṣọ́ra fún. Ó lè gbé àrùn màlúù wọ ara, nítorí náà kí wọ́n sè é títí yóò fi hó kí wọ́n tó mu ún.

Ẹni tí ooru àti òórùn dídùn inú ife ló ń fà á sídìí kọfí lè bu ewé koríko ọba, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ewé tíì, kó sè é pẹ̀lú atalẹ̀. Kò ní káfíìnì bí ó tilẹ̀ ń jẹ́ ewé tíì. Sobo tí wọ́n fi òdòdó ìṣápá pupa ṣe dára bákan náà. Ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2010 lo àwọn àgbàlagbà 65 tí ìfúnpá wọn ga díẹ̀, wọ́n sì fún apá kan nínú wọn ní ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6. Ìfúnpá òkè àwọn tó mu ún fi nǹkan bí ìwọ̀n 7 wálẹ̀. Ti wọn kò ní ṣúgà. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ike lójú ọ̀nà sábà máa ń dùn jù, kò sì lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Kò yẹ kí aboyún sọ ọ́ di ohun àmumára. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin, èso kájú tí àwọn àgbẹ̀ ń dà nù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ kóró rẹ̀ ní fítámì C tó ju ti ọsàn lọ fíìfíì. Ó dun ni pé ó ń jẹrà ní abẹ́ igi ní Ṣakí, nígbà tí ọmọ ilé tó wà nítòsí ibẹ̀ ń fi ẹ́nájì jí.

Àwọn kan fẹ́ ohun tó korò, tó dúdú, tó jọ kọfí gan-an. Èyí náà wà. Ní àwọn ibì kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n máa ń yan kóró irú kó jó díẹ̀, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò sì mu ún bíi kọfí; àwọn òyìnbó ìgbà àmúnisìn tilẹ̀ pè é ní kọfí Sudan. Igi irú kò wọ́n ní Òkè-Ògùn, ìyá onírú kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Àgbàdo tàbí bàbà tí wọ́n yan dáadáa tí wọ́n sì lọ̀ náà ń fún ni ní irú adùn bẹ́ẹ̀. Ìkìlọ̀ kan wà tó pọn dandan. Ewéko kan wà tí wọ́n ń pè ní rere, tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àti ní ààtàn, tí àwọn kan ń yan kóró rẹ̀ fi ṣe kọfí. Kóró yìí lóró. Ní àríwá ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ọmọdé tó jẹ ẹ́ ní tútù kú. Àwọn dókítà ibẹ̀ rí i pé ó ba ẹ̀dọ̀, iṣan ara àti ọpọlọ wọn jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi dípò kọfí, kí àwọn òbí sì fà á tu níbi tí ọmọ wọn ti ń ṣeré.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá wà tí oorun kò tó, kọfí yóò padà wá. Àgbàlagbà nílò ó kéré tán wákàtí 7 lóru. Awakọ̀ tí ojú rẹ̀ ń ṣú lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ìbàdàn kò nílò ìgò ẹ́nájì kejì; kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ènìyàn wà, kó sùn fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Àwọn tó ni ọkọ̀ ló yẹ kó gbọ́ èyí jù, nítorí àwọn ló ń sọ fún awakọ̀ pé ọjà gbọ́dọ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè mu ife kan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ láìsí ewu. Èyí tó ń mu dípò oúnjẹ tàbí dípò oorun ni kó fi sílẹ̀. Ní ti aboyún, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti béèrè ìwọ̀n tiwọn. Bí nọ́ọ̀sì bá sì béèrè bóyá wọ́n ń mu kọfí, kí wọ́n dárúkọ obì, ẹ́nájì àti Alábùkún mọ́ ọn.